Háíbíríìdì tó ń mu epo jù: ẹ wá ohun tí kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sinmi

Ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ háíbíríìdì, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tọ̀ iná mànàmáná, mu epo níwọ̀nba ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń kú nígbàkígbà tí kò bá síṣẹ́ fún un. Ẹ dúró níbi iná tírááfíìkì, á kú. Ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, á kú. Ẹ ń rá pálá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mọ́tọ̀ iná mànàmáná ni yóò máa fa ọkọ̀ lọ. Bí háíbíríìdì bá wá ń mu epo bí àwọn ọkọ̀ yòókù, ohun kan ló ń fipá mú ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ nígbà tó yẹ kó sinmi. Ìbéèrè kan náà ni ẹ ó sì máa bi ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin iṣẹ́ yìí: kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì yìí fi ń ṣiṣẹ́ báyìí?

Toyota la óò fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ jù nínú háíbíríìdì tòkúnbọ̀ tó wà lójú títì wa: Prius ọdún 2004 sí 2009, Prius 2010 sí 2015, Camry Hybrid 2007 sí 2011, àti Camry Hybrid 2012 sí 2017. Ẹni tó ní Highlander Hybrid tàbí Lexus RX háíbíríìdì máa rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá tiwọn náà mu. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni irú ọkọ̀ báyìí ti túbọ̀ ń wu èèyàn. Àmọ́ ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa kì í sábà dé pẹ̀lú ara líle. Títún un ṣe ló ń kọ́kọ́ dín epo kù. Ọgbọ́n ìwakọ̀ ló tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹni tó bá ń fi iye owó tó ń ná lọ́sẹ̀ mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń mu epo ń fojú dá a lásán ni. Ẹ lọ sí ilé epo kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ táńkì kún títí ẹnu páǹpù yóò fi já fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n má fún òmíràn mọ́ ọn lẹ́yìn ìyẹn: epo tó bá kún kọjá ibẹ̀ máa ń ṣàn wọ inú agolo èédú tó ń gba òórùn epo sára, á sì bà á jẹ́. Ẹ dá trip, ìyẹn òǹkà ìrìn ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, padà sí òdo. Ẹ máa wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe máa ń wà á títí epo yóò fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ padà sí páǹpù kan náà, ẹ rọ ọ́ kún lọ́nà kan náà. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Bí ọkọ̀ yín bá ń ka máìlì, ẹ kọ́kọ́ sọ máìlì náà di ìlọ́po 1.609.

Páǹpù kan náà ló ṣe pàtàkì, torí mítà ilé epo kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba. Ẹ má sì gbára lé iye tí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ. Ó sábà máa ń fi díẹ̀ kún un. Prius 2004 sí 2009 tó wá láti Amẹ́ríkà tún ní àpò rọ́bà nínú táńkì rẹ̀. Àpò yìí kì í gba iye epo kan náà lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ kó ìrọ́kún mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ kí ẹ tó gba ìdáhùn kankan gbọ́.

Iye tí àjọ EPA ti ìjọba Amẹ́ríkà kọ fún wọn, tí a bá yí i sí kìlómítà lórí lítà kan, rèé: Prius 2010 sí 2015, bíi 21, Prius 2004 sí 2009, bíi 20, Camry Hybrid 2012 sí 2017, bíi 17, Camry Hybrid 2007 sí 2011, bíi 14. Ooru wa, kòtò ojú ọ̀nà àti AC tí kì í sinmi yóò yọ díẹ̀ níbẹ̀. Prius 2010 tó ń rin kìlómítà 17 lórí lítà kan nínú ìlú Èkó kò ṣàìsàn. Èyí tó ń rin 12 ń ṣàìsàn, kò sì sí ìwakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ tó máa wò ó sàn.

Ìdánwò tí kò gba owó

Ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí gbogbo ara rẹ̀ gbóná. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ gbé e sí P, ẹ pa AC, àmọ́ kí READY ṣì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ́ńjìnnì yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bí kò bá kú rárá, tí àwòrán bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sì wà ní ọ̀pá mẹ́fà nínú mẹ́jọ, ẹ fura sí ìgbóná ẹ́ńjìnnì. Bó bá kú, tó tún ń jí ní ìṣẹ́jú méjì-méjì láti gba agbára sínú bátìrì, ẹ fura sí bátìrì ńlá, èyí tó ń fún mọ́tọ̀ iná lágbára. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tan AC nìkan ló ń jí lemọ́lemọ́, AC ti ń fa agbára jù, tàbí bátìrì kò lè gbé e mọ́.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Ihò tí ẹ ó kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ awakọ̀. Ẹ gbé áàpù Dr. Prius tàbí Hybrid Assistant sórí fóònù. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí ẹ ó san fún ẹni tó máa fi máṣíìnì wo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Tẹ́mósítáàtì tí wọ́n yọ jù nù

Èyí la fẹ́ kí gbogbo onímọ́tò gbọ́ dáadáa. Àṣà kan wà láàárín àwọn mẹkáníìkì wa: bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì, ìyẹn fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíátọ̀ títí yóò fi gbóná, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Wọ́n á tún so fáànù rédíátọ̀ mọ́ iná tààrà, kó máa fẹ́ láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀. Lára ọkọ̀ lásán, ìpalára rẹ̀ kì í tètè hàn. Lára háíbíríìdì, ó burú. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò ní gbà kí ẹ́ńjìnnì kú bó ṣe yẹ àfi tí omi inú rẹ̀ bá gbóná tó bíi 70°C. Omi tó ń yí lọ sí rédíátọ̀ láìdúró kì í tètè dé ibẹ̀. Bó bá sì débẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á tún tù ú sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á wá máa ṣiṣẹ́ kó lè gbóná, yóò sì máa mu epo púpọ̀ sí i torí pé ara rẹ̀ tutù.

Lórí fóònù, ẹ wo ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó yẹ kó ti kọjá 80°C, kó sì dúró láàárín 84 sí 92. Bó bá ń já sí 60 àti díẹ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀, tẹ́mósítáàtì ti há ní ṣíṣí, tàbí kó má sí níbẹ̀ mọ́. Kóòdù P0128, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ, máa ń bá a rìn. Ẹ ra ojúlówó, tó ń ṣí ní bíi 82°C, kí wọ́n dá fáànù padà sójú wáyà rẹ̀. Ohun tó mú kí ọkọ̀ gbóná jù nígbà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹ wá a: rédíátọ̀ tó dí, páǹpù omi tó ti rẹ̀ (iná mànàmáná ló ń wa ti Prius 2010 sí 2015), tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Kúláàntì aláwọ̀ osùn ti Toyota ni kí ẹ rọ sí i. Omi ẹ̀rọ á mú kí inú rẹ̀ dípẹtà.

Bátìrì ńlá àti ooru

Bátìrì Prius ìran méjèèjì ní páálí 28, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀, ti Camry ní 34. Méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà wọ́n, nítorí náà 14 ni ẹ ó rí lórí fóònù fún Prius, 17 fún Camry. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kó kún ju bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kì í sì í jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 40. Àárín méjèèjì yìí ni gbogbo epo tí ẹ ń fi pamọ́ wà. Bí bátìrì bá ti gbó, àlàfo náà á súnkì: ọ̀pá mẹ́fà á di méjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á jí, bátìrì á kún kíá, yóò tún gbẹ kíá. Àwọn kan máa ń yọ̀ pé bátìrì àwọn ń tètè kún. Bátìrì tó ń tètè kún, àyè inú rẹ̀ ló ti kéré.

Ooru ló ń pa á jù. Fáànù kan wà tó ń fa atẹ́gùn láti inú ọkọ̀ lọ tù ú. Nínú Prius, ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún; nínú àwọn ọkọ̀ yòókù, ẹ wá a ní sàkáání àga ẹ̀yìn, ìwé ọkọ̀ máa fi hàn yín. Ẹ má gbé báàgì, ìró tàbí ike omi dí i. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ àga tí àwọn oníṣẹ́ máa ń rán bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó ti ṣe kabukábu tàbí tó ti gbé ajá rí lókè òkun, irun àti eruku inú fáànù rẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́: ẹ pa ọkọ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà, ẹ tú ẹnu bátìrì kékeré 12 fóòtì (12V) tó wà nínú búùtù, níbi ọ̀pá nẹ́gétíìfù. Ẹ yọ ike ẹ̀gbẹ́ búùtù lápá ibi tí fáànù wà, ẹ tú bóòtù tó dì í mú, ẹ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn abẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi fákúùmù fa eruku náà. Ẹ má lo omi, ẹ má sì fi kọ̀ǹpúrésọ̀ fọn ọ́n nígbà tó ṣì wà nínú ọkọ̀, torí ẹ ó kàn fẹ́ eruku náà wọ inú bátìrì ni. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan. Iṣẹ́ wákàtí kan sí méjì ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló yẹ, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹnu fáànù yìí náà ló fà á tí kò fi dára kí ẹ pa AC pátápátá, kí ẹ wá ṣí fèrèsé nínú oòrùn ọ̀sán. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ ni bátìrì ń mí. Bó bá ń mí eruku àti ooru lójoojúmọ́, epo díẹ̀ tí ẹ fi pamọ́ lónìí, owó bátìrì ni yóò gbé e lọ.

Láti mọ ipò rẹ̀, ẹ ṣí Dr. Prius, kí ẹlòmíràn máa wa ọkọ̀. Kó tẹ iná dáadáa fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kó sì tẹ bíréékì lẹ́yìn náà, kí ẹ máa wo fóòtì àwọn páálí náà. Gbogbo wọn yẹ kó máa gòkè, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń fi ohun tó ju fóòtì kan lọ yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀ ti kú tàbí ó ń kú lọ, torí fóòtì 1.2 ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní. Kóòdù P0A80 kò ní pẹ́ dé.

Ẹni tó bá ní òun á pààrọ̀ páálí kan ṣoṣo tó kú, owó tí ẹ ó san máa kéré, àmọ́ ọjọ́ orí kan náà làwọn 27 yòókù jọ jẹ́. Òmíràn á kú láàárín oṣù mélòó kan, ẹ ó sì tún padà lọ. Bí owó kò bá ká odindi tuntun, ẹ gba èyí tí wọ́n ti dán gbogbo páálí rẹ̀ wò, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìwọ̀n agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà hàn yín ní Ah. Tuntun ni 6.5 Ah. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 5, tí òmíràn jẹ́ 3, ìyẹn kì í ṣe bátìrì tí wọ́n tò pọ̀ dáadáa. Kí wọ́n tún fọ àwọn irin pẹlẹbẹ tó so páálí pọ̀, torí ìpẹtà aláwọ̀ ewé máa ń bò wọ́n, ó sì máa ń dí agbára lọ́nà. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń fojú kọ́ṣẹ́. Iná inú bátìrì náà ju 200 fóòtì lọ, ó lè pa èèyàn. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó lè dá 1000 fóòtì dúró, kó yọ púlọ́ọ̀gì ààbò, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé kí ẹ yọ bátìrì náà kúrò kí ọkọ̀ máa fi ẹ́ńjìnnì nìkan rìn, ẹ sá fún un. Àwọn ọkọ̀ Toyota wọ̀nyí kò ní sítátà. Bátìrì ńlá ló ń fi mọ́tọ̀ iná ta ẹ́ńjìnnì jí.

AC: ọ́ìlì tó lè ba ọkọ̀ jẹ́

Kọ̀ǹpúrésọ̀ AC àwọn ọkọ̀ yìí kò ní báńdì. Iná bátìrì ńlá ló ń wà á, ìdí nìyẹn tó fi ń tutù kódà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ọ́ìlì ND-11 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í gbé iná. Ọ́ìlì PAG tí àwọn oníṣẹ́ AC ń rọ sínú ọkọ̀ gbogbo máa ń gbé iná. Bó bá wọlé, kódà díẹ̀, iná ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sára ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á kọ P0AA6, ọkọ̀ sì lè kọ̀ láti tan mọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó so ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ bi wọ́n ní ọ́ìlì wo ni wọ́n ní lọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé rọ́bà gééjì wọn kò kún fún PAG tó kù láti ara ọkọ̀ àná. Gáàsì R134a ni. Iye tó ń gbà wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi sikéèlì wọ̀n ọ́n. Gáàsì tó dín ń mú kí kọ̀ǹpúrésọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, èyí tó pọ̀ jù sì ń mú kó máa fa agbára jù.

Ní ti lílò: bí ọkọ̀ bá ti wà nínú oòrùn, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé fún ìṣẹ́jú kan kí ooru jáde, ẹ tì wọ́n, ẹ wá tan AC sí 24 tàbí 25, kó máa yí atẹ́gùn inú ọkọ̀ po. Ẹni tó bá gbé e sí LO, ibi tó tutù jù, láti ilé dé ibi iṣẹ́ ń fi bátìrì gbé ẹrù tí kò sinmi, ẹ́ńjìnnì ni yóò sì san án.

Ara ẹ́ńjìnnì

Ọ́ìlì ló kọ́kọ́ ṣe kókó. Prius 2010 sí 2015 ń lo 0W-20, lítà 4.2 pẹ̀lú fíltà tuntun. Prius 2004 sí 2009 ń lo 5W-30, lítà 3.7. Camry 2012 sí 2017 ń lo 0W-20, lítà 4.4. Àwọn kan á ní ọ́ìlì yìí ti ṣàn jù fún ooru wa, wọ́n á rọ 20W-50. Ẹ́ńjìnnì tó ń kú, tó ń jí lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ nílò ọ́ìlì tó ń tètè sáré dé gbogbo ara rẹ̀. Èyí tó ki ń mú kó máa fi agbára wọ́ ọ́. Kó má sì kọjá àmì òkè lára ọ̀pá ìwọ̀n.

Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ irídíọ́ọ̀mù: Denso SC20HR11 fún Prius 2010 sí 2015. Ayédèrú rẹ̀ wà káàkiri ọjà, ní Ládípọ̀ àti ní ASPAMDA. Ẹ wo orí ojúlówó: ó tín-ín-rín gan-an, ìlà ìkọ̀wé ara rẹ̀ mọ́, kò sì rí réderède. Fíltà atẹ́gùn, ẹ gbọn ọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti dúdú. Sẹ́ńsọ̀ MAF, tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ fín ọṣẹ inú agolo tí wọ́n ṣe fún un sí i, kó gbẹ, kí ẹ má fọwọ́ tàbí aṣọ kàn án.

Àìsàn kan wà tó jẹ́ ti Prius 2010 sí 2015 gan-an: EGR. Páìpù yìí ń dá díẹ̀ lára èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ní rédíátọ̀ kékeré tó ń tu èéfín náà. Èédú á dí i díẹ̀díẹ̀. Èéfín tí kò wọlé mọ́ ló ń jẹ́ kí iná inú ẹ́ńjìnnì gbóná jù, ẹ́ńjìnnì á máa kan, kọ̀ǹpútà á fa àkókò iná sẹ́yìn, epo á pọ̀ sí i, bó bá sì pẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì á jó. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí ẹ bá tan án láàárọ̀, ẹ má ṣe fi falẹ̀. Kóòdù P0401 lè wà, ó sì lè má sí. Kí wọ́n yọ rédíátọ̀ EGR, fáàfù rẹ̀, páìpù rẹ̀ àti mànífóòdù tó ń gba atẹ́gùn, kí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn ihò tín-ín-rín mẹ́rin inú mànífóòdù tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń gbójú fò. Rédíátọ̀ náà ti mọ́ nígbà tí ẹ bá lè rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu kan dé ìkejì. Wọ́n máa da kúláàntì jáde kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí náà kí wọ́n rí i pé atẹ́gùn ti jáde tán nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ padà. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 100,000 kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un wò.

Fún Prius 2004 sí 2009, ẹ wo páǹpù kékeré tó ń yí kúláàntì ínfátà, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tọ̀ iná. Ẹ tan ọkọ̀ sí READY, ẹ ṣí ìdérí ike kúláàntì ínfátà, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Omi inú rẹ̀ yẹ kó máa rú. Bó bá dákẹ́ rọ́rọ́, páǹpù ti kú. Ínfátà á gbóná, mọ́tọ̀ iná á rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gba gbogbo iṣẹ́.

Táyà àti bíréékì

35 psi níwájú, 33 lẹ́yìn, ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn awakọ̀ Prius. Àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ní gééjì tiyín, torí ti ọ̀pọ̀ fọkanáísà ti gbó. Ẹ lè fi 2 tàbí 3 kún un. Ẹ má lọ sí iye gíga jù tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, torí dídì mọ́ ilẹ̀ nínú òjò á dín kù. Táyà tó gbòòrò ju 185/65R15 ti Prius 2004 sí 2009 tàbí 195/65R15 ti Prius 2010 sí 2015 ń mu epo, ó sì lè yí kìlómítà tí ẹ fi ń ṣírò padà.

Bíréékì háíbíríìdì kì í sábà ṣiṣẹ́, torí mọ́tọ̀ iná ló ń dá ọkọ̀ dúró jù. Àìṣiṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí kálípà dípẹtà kó sì há. Lẹ́yìn ìrìn tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréékì, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń há. Kí wọ́n tú píìnì kálípà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gírísì bíréékì pa á.

Ìwakọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí àwọn bá ṣe rọra kúrò lójú kan tó, bẹ́ẹ̀ ni epo á ṣe dín kù, nítorí náà wọ́n á máa fi bátìrì nìkan fa ọkọ̀ títí dé kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Agbára tó kúrò nínú bátìrì, ẹ́ńjìnnì ló máa dá a padà, díẹ̀ sì máa ń ṣòfò ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ tẹ iná níwọ̀nba, kí ọ̀pá inú àwòrán ECO dé àárín tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì jí, kó gbé yín dé eré tí ẹ fẹ́ ní kíá. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Lójú ọ̀nà tó ṣófo nínú ìlú, ẹ lè máa lọ láti 45 sí 60, kí ẹ jẹ́ kó yí padà sí 45, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ má ṣe é nígbà tí ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn yín pẹ́kípẹ́kí.

EV tí ẹ lè tẹ̀ lára Prius 2010 kì í fi epo pamọ́. Ẹ fi máa yọ ọkọ̀ nínú gáréèjì, ó tán. PWR kì í fi agbára kún ọkọ̀, ó kàn ń mú kí ẹsẹ̀ yín tètè hàn lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi í sí ECO.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má máa sún ẹsẹ̀ bàtà kan-kan tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú. Ẹ jẹ́ kí àyè tó ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣí sílẹ̀, kí ẹ wá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á já wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹ má gbé ọkọ̀ sí N. Bátìrì kì í gba agbára nínú N, bí AC bá sì ń ṣiṣẹ́, yóò máa gbẹ lọ láìsí ohun tó ń kún un. D tàbí P ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí láti kún bátìrì ní ọ̀pá méjì, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bíréékì: ẹ tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè, fẹ́ẹ́rẹ́, kó pẹ́. Mọ́tọ̀ iná ló máa gba agbára náà padà sínú bátìrì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gbàgà, páàdì ló máa gbà á, agbára náà á di ooru lásán. Nísàlẹ̀ bíi kìlómítà 11 ní wákàtí kan, páàdì ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́nàkọnà.

Lórí ọ̀nà márosẹ̀ bíi ti Èkó sí Ìbàdàn, bátìrì kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Atẹ́gùn ni ọ̀tá. Ìdènà atẹ́gùn ní 120 jẹ́ ìlọ́po 2.25 ti 80. 80 sí 90 ni ibi tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń dáa jù, ẹ má sì kọjá 100 tí òfin gbà. Ẹ ti fèrèsé, ẹ yọ irin ẹrù tó wà lórí ọkọ̀ bí ẹ kò bá lò ó.

Ní ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ tan kúrúùsì, tó ń mú kí ọkọ̀ máa sáré kan náà fúnra rẹ̀. Lágbègbè olókè bíi ti Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ẹ pa á, torí á tẹ iná jù láti lè máa sáré kan náà gòkè. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ falẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń gòkè, kó sì gba á padà nígbà tó bá ń sọ̀. Nínú ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, ẹ wo bátìrì. Títí dé ọ̀pá méje, D ni, kó máa gba agbára ọ̀fẹ́. Bó bá ti kún dé ọ̀pá mẹ́jọ, kò ní fi bẹ́ẹ̀ gba agbára mọ́, páàdì ló sì máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá ọkọ̀ dúró. Ìgbà yẹn gan-an ni B tó wà lára gíà wúlò, torí ẹ́ńjìnnì á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn láìmu epo. Ẹ dá a padà sí D bí ẹ bá ti dé ilẹ̀ tó tẹ́jú.